Ríìlì tí Ẹ̀gbọ́n Mi yóò Fi Ọwọ́ Òsì Yí

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àtọjọ́. Mo kí ìyàwó yín àti gbogbo ilé ní Oregon. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀.

Ẹ gbàgbé ríìlì casting, irú ẹ̀rọ tí ń ká okùn ìwọ̀, fún ìpẹja salmon. Àtàǹpàkò ọ̀tún ni wọ́n fi ń ṣọ́ okùn rẹ̀, tiyín kò sì tíì jí láti ìgbà rọpárọsẹ̀. Ríìlì irú spinning ni mo rà fún yín. Kò bèèrè àtàǹpàkò, ọwọ́ òsì lẹ ó sì máa fi yí i.

Mo ti ń gbọ́ yín: “Florence, kí n máa fi òsì gba nǹkan?” Ẹja kì í ṣe àna yín. Ẹ fi òsì fà á, ṣùgbọ́n ẹ má dá lọ sódò.

Kí Olúwa jí ọ̀tún yín. Títí dìgbà náà, òsì náà, ọwọ́ yín ni.

Àbúrò yín,
Florence, Co-op City