Àwọn Méjì Tó Ń Rẹ́rìn-ín Nínú Àgbàlá Mi

Ẹ̀yìn Sitéṣọ̀n Reluwé,
Ọ̀fà.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Fatimah Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Báwo ni Àbújá? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Allah kò ní jẹ́ kí ọ̀gá yín bínú sí yín, omi ẹ̀rọ yín kò ní gbẹ, ẹ kò ní fi ẹsẹ̀ gbá ohun tí yóò dùn yín. Bí o bá béèrè wa, ara le, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún díẹ̀díẹ̀, àgùtàn dúdú ti bí ìbejì, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Taofeek àbúrò rẹ bẹ̀ mí pé kí òun ya fọ́tò lẹ́tà yìí, kí òun fi fóònù rán an sí ọ, pé kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí yóò fi dé. Mo kọ̀. Lẹ́tà tí a bá kó fún fóònù, fóònù náà ni yóò kọ́kọ́ kà á. Mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi rán dírẹ́bà tó ń ná Àbújá. Àti pé ọ̀rọ̀ Taofeek gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

O mọ̀ pé ó gbé Hikmat níyàwó kí Ààwẹ̀ tó kọjá tó wọlé, mo sì fún wọn ní yàrá méjì tó kọjú sí tiwa nínú àgbàlá. Taofeek ń tún fíríìjì ṣe, Hikmat ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé. Mo múra sílẹ̀ láti máa parí ìjà wọn, gẹ́gẹ́ bí bàbá. Wọn kò jà rí. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n á rín in láàárọ̀, wọ́n á rín in bí wọ́n bá ń jẹun, wọ́n á tún rín in bí wọ́n bá ń ká aṣọ. Mo gbé etí sí ògiri lọ́jọ́ kan kí n lè mọ ohun ńlá tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kan tó wọ kíláàsì Hikmat ni. Ewúrẹ́! Àgbàlagbà méjì, tí wọ́n so yìgì fẹ́ ara wọn!

Abọ́ méjìlá ni ìyá rẹ fún wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, inú ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń jẹun. Mo pe Taofeek sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í bóyá àwọn yòókù ti fọ́. Ó ní rárá, oúnjẹ ló máa ń dùn jù báyẹn. Ó tún ń yọ eegun ẹja fún un, obìnrin tó ní ọwọ́ méjì tó pé! Bó bá di Sátidé, á jókòó sórí àpótí, ìyàwó rẹ̀ á jókòó sílẹ̀, á sì máa bá a tú irun, ọwọ́ tí a rán lọ kọ́ṣẹ́ fíríìjì. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń wúkọ́ kí ojú lè tì wọ́n. Ńṣe ni Hikmat dìde lọ bu omi wá fún mi, ó ní Daddy, ẹ pẹ̀lẹ́, ikọ́ yìí ti ń pọ̀ jù.

Ti ìrọ̀lẹ́ ló tún burú jù. Wọ́n á múra, wọ́n á rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin títí, wọ́n á sì padà wá. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n lọ rà. Wọ́n ní wọn kò ra nǹkan kan. Ta ni wọ́n lọ kí? Wọ́n ní wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ju àsíá fún ọkọ̀ ojú irin, n kò rí ọ̀kan rí tó gbéra tí kò ní ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ kan, Hikmat gbàgbé fóònù rẹ̀ sórí àga mi, fóònù náà sì tàn. Mo wò ó, mo rí àwòrán ọkàn pupa mẹ́ta, orúkọ Taofeek ló wà lórí rẹ̀. Mo gun ọ̀kadà lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo bi í pé ìgbà wo ni àìsàn ọkàn mú un, kí ló dé tí àwọn ọsibítù fi ń fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí ìyàwó kí bàbá tó gbọ́. Àgbàdo sísè ló ń jẹ. Ó ní Daddy, kì í ṣe àìsàn, ìfẹ́ ni. Mo ní bó bá ti di mẹ́ta, kí ó lọ rí dókítà.

Ṣùgbọ́n ti Sítétọ́ọ̀sì ló dójú tì mí láàárín ìlú. Mo dé mọ́ṣáláṣí, àwọn ènìyàn ń wo fóònù wọn, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn rí àwòrán Taofeek níbi tó ti ń gúnyán, tó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ wérí, pé ó wà ní Sítétọ́ọ̀sì Hikmat. Mo padà sílé, mo mú ọ̀bẹ kí n lè fi ha á kúrò lára ògiri. Mo wo gbogbo ògiri ọjà, mo wo ti sitéṣọ̀n, n kò rí i. Mo wọ ọ̀kadà, mo ní kó gbé mi lọ sí Sítétọ́ọ̀sì. Ó gbé mi yí ìlú ká, ó ní bóyá ọ̀nà Ìlémọnà ló wà, ó sì gba owó rẹ̀ pé. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ní àwòrán náà ti kúrò fúnra rẹ̀. Ẹni tó yọ ọ́ ṣeun.

Mo wá rí i pé apá mi nìkan kò lè ká a. Mo fóònù Alhaji Adétóyè, bàbá Hikmat, ní Òjòkú, mo ní kó máa bọ̀, ọ̀rọ̀ ti burú. Ó dé pẹ̀lú ìbẹ̀rù, iṣu mẹ́rin lórí ọ̀kadà. Ó bi mí bóyá ọmọ òun bú mi. Mo ní rárá. Ṣé kì í dáná? Mo ní ó ń dáná. Ó ní kí ló wá ṣe. Mo ní wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jọ̀ọ́ tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní òun á wọlé lọ wádìí. Mo jókòó, mo ń retí kí ó máa jágbe mọ́ wọn. Kò pẹ́, mo gbọ́ ẹ̀rín ènìyàn mẹ́ta. Mo rán ìyá rẹ kó lọ pè é jáde. Ó gbé àwo ẹ̀pà kan dání lọ, n kò sì mọ ohun tí ẹ̀pà fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rín di mẹ́rin. Irú àna wo nìyẹn? Nígbà tó ń lọ, ó dì mọ́ mi, ó ní Ọlọ́run kẹ́ òun pé ilé yìí ni ọmọ òun wọ̀. Mo pòṣé títí ọ̀kadà rẹ̀ fi kọ́nà.

Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe òfin. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo pe Taofeek, mo ní nínú àgbàlá tèmi, ọkùnrin kò gbọdọ̀ tú irun mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ síbi tí kò ní ìdí, ẹ̀rín kò sì gbọdọ̀ gba orí ògiri kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní àwọn ti gbọ́.

Wọ́n sì gbọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ kìíní, mo gbádùn rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, mo ń gbọ́ ìró eyín ara mi bí mo bá ń jẹun. Taofeek ń jẹun níta, Hikmat ń jẹun nínú ilé, ìyá rẹ tó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ kò sì sọ ju “oúnjẹ rè é” lọ mọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, Taofeek wá dọ̀bálẹ̀, ó ní àwọn ti rí yàrá lọ́nà Ìlémọnà, àwọn á kó lọ tí oṣù bá parí, kí n má bínú. Mo ní kí ni n ó bínú sí.

Ìyá rẹ ń fọ aṣọ nígbà tí mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó ní bí àwọn ọmọ yẹn bá ń rẹ́rìn-ín, òun máa ń rọra dákẹ́ kí òun lè gbọ́ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, òun á sì rín tòun sínú, àti pé látìgbà tí mo ti ní kí wọ́n dákẹ́, òun kò rí nǹkan kan dákẹ́ fún mọ́. Ó ń fún aṣọ kan náà láìjẹ́ pé omi kù nínú rẹ̀. Mo dìde lọ fún àgùtàn lómi, àgùtàn tó ti yó omi.

Mo wá lọ sẹ́nu ọ̀nà Taofeek. Wọ́n ti di ẹrù kan. Mo sọ fún wọn gbangba pé èmi kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má lọ o. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé n kò ní fi yàrá yìí háyà, nítorí náà èkúté ni yóò kó sí i, èkúté kì í sì san owó ilé, kì í gbá àgbàlá, kì í kí ènìyàn láàárọ̀. Taofeek ń wo ilẹ̀. Hikmat kúnlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín rárá, ó ní Daddy, ọ̀rọ̀ èkúté yìí le o, ó dà bíi pé ó yẹ kí àwọn dúró. Mo ní bí wọ́n bá rí i bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé òfin wá ńkọ́. Mo ní òfin tí wọ́n ti pa mọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó tó bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ṣẹ́gun wọn nìyẹn, tí wọn kò lè kó lọ mọ́. Kí n tó dé yàrá mi, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀, hà hà hà, bí ẹni tí kò níṣẹ́. Ìyá rẹ dúró lójú fèrèsé, ó gbé ìka sẹ́nu pé kí n má sọ̀rọ̀. Mo dúró tì í, mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò tilẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi kò pọ̀. Ìyá rẹ ní òun náà fẹ́ máa jókòó níwájú ilé bí oòrùn bá rọ̀, pé ọdún mọ́kànlélógójì ni òun ti ń tẹ́ ẹní sẹ́yìn àga mi, ìpàkọ́ mi ni òun mọ̀ jù. Mo lọ bá Olúṣèyí káfíńtà pé kó kan àga kan sí i. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kan ọ̀kan tí ènìyàn méjì á jọ jókòó sí, ìgúnpá á kan ìgúnpá. Mo bínú, mo ní ṣé ó rò pé Taofeek ni mí ni. Ṣùgbọ́n mo délé, mo fi okùn wọn iwájú ilé, ó gba irú èyí tó wí yẹn. Jọ̀ọ́, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù mi o, fóònù kékeré ni, owó ńlá kò lè wọ inú rẹ̀. Fún dírẹ́bà.

Allah yóò ṣọ́ ọ, yóò ṣọ́ ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ohun tí ọwọ́ yín ń wá, yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ilé yín yóò tòrò, ṣùgbọ́n kí Allah má jẹ́ kó tòrò jù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkàndé.