Sí Ìdílé Olúsànyà ní Ibafo, Lórí Ikú Olúṣẹ̀yẹ àti Àpótí Tó Fi Sọ́wọ́ Wa

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ojú tó là sílẹ̀, ni Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbà Onítọ̀ Ṣúgà, Lotto, Mowe, fi ń bá ẹ̀yin ìdílé Olúsànyà kẹ́dùn ikú ọmọ yín, Ọ̀mọ̀wé Olúṣẹ̀yẹ.

A ò ní purọ́, nígbà tó kọ́kọ́ dé, a fura sí i. Ó ní òun ń ṣe sítíríìpù, ike pélébé kékeré tí a ó fi máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ní òun ń fi pólímà, nǹkan tó dà bí ike olómi, kun ojú èédú tó wà lẹ́nu rẹ̀, kí èròjà tó ń dá ṣúgà mọ̀ lè dì mọ́ ọn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣan án kúrò. Ìyá Ẹgbẹ́ wa, Alájà Wòsílátù, kò gbà. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ arúgbó lọ? Láti dán an wò, Màmá Wòsílátù kán ẹ̀jẹ̀ ìka ara wọn sórí sítíríìpù méjì, wọ́n forúkọ Màmá Ọmọlabí, ọmọ ẹgbẹ́ wa, sí èkejì. Iye kan náà ni Olúṣẹ̀yẹ gbé jáde fún méjèèjì. Nígbà tí wọ́n jẹ́wọ́, Olúṣẹ̀yẹ rẹ́rìn-ín títí, ó sì dọ̀bálẹ̀: "Màmá, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ wá máa bá mi ṣiṣẹ́." Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi àpótí àti ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́ wọn. Olúṣẹ̀yẹ yìí náà ló rí i pé ṣúgà Bàbá Nọ́fíù, ọmọ ẹgbẹ́ wa, ti ga jù, kí ẹsẹ̀ wọn tó bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta tí ẹ sin ín, ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Akóredé wá sí Lotto. Ó ní òun àti Olúṣẹ̀yẹ ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà, pé Ayọ̀níkẹ́ ìyàwó olóògbé ló ní kí òun wá gba àpótí. Màmá fún un ní ìjókòó àti omi. Wọ́n wá kó sítíríìpù méjì síwájú rẹ̀, ọ̀kan tí Olúṣẹ̀yẹ ti kun, ọ̀kan tí kò tíì kun. "Ọmọ mi, èwo ni ká lò?" Ó mú èyí tó dúdú tó ń dán. Gbogbo wa mọ̀ pé bí pólímà Olúṣẹ̀yẹ bá ti gbẹ, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Omi lásán ló mu lọ, kò fojú kan àpótí.

Ayọ̀níkẹ́ ọmọ wa, bó bá jẹ́ pé ìwọ lo rán an, forí jì wá. Bí kì í bá ṣe ìwọ, má fọwọ́ sí ìwé kankan tó bá gbé wá. A fura pé orúkọ ara rẹ̀ ló fẹ́ kọ sórí iṣẹ́ ọkọ rẹ. Àpótí náà wà lábẹ́ ibùsùn Màmá. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá gbé e, a ó sì sìn ọ́ dé ibikíbi tí o bá ń gbé e lọ.

Kí Ọlọ́run, tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kálukú láìgún un lábẹ́rẹ́, tu gbogbo yín nínú.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, lórúkọ Alájà Wòsílátù, Ìyá Ẹgbẹ́