Okùn Ẹ̀yìnkùlé Màmá Lábísí Ayọ̀dàmọ́lá (1946–2024)

Ìlú Ìdógò ni a ti bí Màmá Lábísí ní ọdún 1946, sínú ìdílé Bàbá Nathaniel Ìbítóyè, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, àti Màmá Ifákẹ́mi. Wọ́n kàwé dé kíláàsì kẹrin kí bàbá wọn tó sọ pé oko ń fẹ́ ọwọ́.

Ní ọdún 1967, wọ́n fẹ́ Bàbá Cornelius Ayọ̀dàmọ́lá, télọ̀ ní Ìlaró, ní ìlànà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá ṣíwájú lọ ní ọdún 2005.

Gàrí ni iṣẹ́ Màmá. Láti Ayétòrò dé Ọjà-Ọ̀dàn, wọ́n mọ gàrí Màmá Lábísí: kò ní iyanrìn. Gbogbo Sátidé ni wọ́n sì ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run.

Ní ọdún 2016 ni ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àwa ní ojú àgbà ni. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní gilakóómà ni, àrùn tó ń ba iṣan ojú jẹ́, ìríran tó ti lọ kò lè padà mọ́. Ní 2019, ilẹ̀ ṣú pátápátá. Kí la wá ṣe? A gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Màmá, a gba asẹ́, a ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu wọn. A pe ìyẹn ní ìtọ́jú!

Nọ́ọ̀sì Sẹ̀kínát, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìntì, ló bá wa jà. Wọ́n ní, "Ojú ló lọ, ọwọ́ ò lọ." Wọ́n so okùn láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn dé ilé ìdáná: kókó kan níbi àtẹ̀gùn, méjì níbi tí àgbàrá ti gé ilẹ̀, mẹ́ta lẹ́nu ilé ìdáná. Wọ́n fi rọ́bà de agolo iyọ̀, kí ó yàtọ̀ sí ti ata. Kí oṣù tó parí, Màmá ti ń yan gàrí padà. Oníbàárà kan ní, "Màmá, ẹ̀ ń tàn wá ni, ẹ ríran." Màmá dáhùn pé, "Mi ò ríran, àmọ́ mo gbọ́ ènì tí o bù lẹ́ẹ̀mejì yẹn."

Ní oṣù Kejìlá 2023, àwọn àna ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ Ẹ̀gbọ́n Ọmọ́délé, àkọ́bí Màmá. Ẹbí sọ pé àwọn àna á rò pé a so ìyá wa mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, kí okùn náà kúrò. Ọlámipọ̀, àbígbẹ̀yìn, tó kọ ìtàn yìí, ló mú ọ̀bẹ gé e. Ẹ̀rù àwọn ẹ̀gbọ́n bà á. Àwọn àna wá, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Wọn ò tilẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Kò sì sẹ́ni tó so okùn padà.

Ní ọjọ́ kẹta, Màmá jáde láti lọ dáná. Wọ́n nawọ́, wọn ò bá nǹkan kan. Inú àgbàrá ni wọ́n ṣubú sí, eegun ìbàdí wọn ṣẹ́. Wọn kò dìde mọ́ títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta, 2024.

Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé ojú ló pa Màmá. Irọ́ ni. Màmá fúnra wọn sọ ọ́ lórí ibùsùn: "Ẹ má purọ́ mọ́ ojú mi. Okùn lẹ gé." Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí a ò bá kọ ọ́ síbí, ibo la fẹ́ kọ ọ́ sí?

Màmá fi Ọmọ́délé, Olúwatóbi àti Ọlámipọ̀ sáyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì, àti Bàbá Micah, àbúrò ọkọ wọn, tí ojú tiwọn náà ti ń ṣú. Okùn tuntun ti wà lẹ́yìnkùlé báyìí. Bàbá Micah ló ń dì í mú rìn. Àwọn tó fẹ́ ta kánópì ìsìnkú ní okùn náà dí àwọn lọ́wọ́. Kó dí yín! Iwájú ilé ni kí ẹ ta kánópì sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú okùn náà, ì báà ṣe olórí ẹbí.

Màmá onígàrí, ẹ rọra máa lọ. Ọ̀nà tí ẹ̀ ń tọ̀ yìí, Ọlọ́run ló so okùn ibẹ̀, ọ̀bẹ wa ò lè gé e. Ẹ sùn re o.