Àìsàn Àyúbà Kì í Ṣe Àtọ̀sí

Nùsírátù ìyàwó mi,

Tí o bá ti ọjà dé tí o kò bá Àyúbà àbúrò mi, ọkọ rẹ, nílé, má pariwo. Mo ń gbé e lọ sí ọsibítù n'Íbàdàn. Ọkọ̀ kòkó tí yóò gbé wa ti ń fun fèrè níta.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo bá a ní balùwẹ̀, ó di ògiri mú, ara rẹ̀ gbóná bí iná, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi osùn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ pé ìtọ̀ ń ta òun bí ata, o ní àtọ̀sí ni, o ní kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó kó o ràn án. Láti ìgbà náà ni kò ti mu omi tó mọ́, kó má baà máa lọ tọ̀ lójú rẹ.

Kì í ṣe àtọ̀sí. Àwọn dókítà tó yọ kíndìnrín mi fún un ní Lọ́ńdọ̀nù ti kìlọ̀ fún wa. Oògùn tó ń lò kí ara rẹ̀ má baà kọ kíndìnrín náà kì í jẹ́ kí ara lè bá àrùn jà. Àrùn inú ìtọ̀ lásán lè ba kíndìnrín náà jẹ́.

Da àgbo àtọ̀sí tí o gbé kaná nù. Má sọ fún Ìyá wa.

O ní o máa kó ẹrù rẹ padà sílé bàbá rẹ ní Ẹ̀fọ̀n. Kó o. Èmi tí kíndìnrín mi wà nínú rẹ̀, ilé bàbá ta ni n ó sá lọ?

Mùínàt