Ẹ Má Jẹ́ Kí Tamsin Wá

Màámi ọ̀wọ́n,

Ara mi le koko. Ẹran là ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ níbí, ẹ má dààmú.

Òfin ilé yìí ni pé bí àwọn ọ̀gá bá ń kọjá, kí àwa ọmọ ọ̀dọ̀ kọjú sí ògiri títí wọn yóò fi lọ. Ìró ẹsẹ̀ ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Màdámù máa ń yára. Ọ̀gbẹ́ni Lucian, àbúrò ọ̀gá, kì í yára. Ó máa ń dúró lẹ́yìn mi. Aṣọ mi ya léjìká, ṣùgbọ́n mo ti rán an.

Mo sọ fún Dorcas tó ń se oúnjẹ. Ó ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́, jàre! Bí wọ́n bá lé ẹ láìfún ẹ níwèé ẹ̀rí ìwà rere, ta ló máa gbà ẹ́ síṣẹ́?" Mo kàn rẹ́rìn-ín ni.

Màdámù ní òun ti kọ̀wé sí yín pé kí ẹ fi Tamsin àbúrò mi ránṣẹ́ wá ṣiṣẹ́ níbí. Kí ẹ dáhùn pé ikọ́ ń ṣe é. Tàbí kí ẹ ní ojú ń dùn ún. Irọ́ tó bá wù yín ni kí ẹ pa.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kí Tamsin. Bó bá ń sunkún pé òun fẹ́ wá bá mi, ẹ jẹ́ kó sunkún.

Ọmọ yín,
Keziah