Màmá Tó Wọ Búlúù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Ìyàwó ọmọ mi ló ń kọ ìwé yìí. Èmi ni mò ń sọ ọ́. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fẹ́ kó wà níbẹ̀, Ìyàwó sì ti ṣèlérí pé òun ò ní bù mọ́ ọn.

Dókítà àdúgbò wa — Aláwò ni mo ń pè é, torí awò ojú tó máa ń yọ̀ wá sórí imú rẹ̀ — pè mí lónìí. Àwọn tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan nínú àwa tí à ń gba ìtọ́jú sọ bóyá ibẹ̀ mọ́, bóyá kò léwu. Mo ní mi ò lè kàwé. Ó ní, "Màmá, ẹ lójú, ẹ sì lẹ́nu. Èyí tó kù, àwọn á kọ ọ́." Ẹnu mi yìí ló kó iṣẹ́ bá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ wò ó. Ilẹ̀ mọ́. Omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ọṣẹ wà. Mo ṣí garawa ìdọ̀tí. Mo fẹ́ yọjú sínú àpótí tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò sí, nọ́ọ̀sì fà á kúrò lójú mi: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, á gún yín nímú!" Àga kẹta ń mì — mo ní kí wọ́n gbé e kúrò.

Nọ́ọ̀sì yìí, Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń pè é. Lọ́dún tó kọjá tí ẹ̀yìn ò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀, òun ló gé èékánná ẹsẹ̀ mi. Kò yínmú.

Mo wá àléébù títí. Àga nìkan ni mo rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ọjọ́ àwa arúgbó. Àwa mọ́kànlá lórí bẹ́ǹṣì. Ẹlẹ́rìn-ín ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀: "Màmá, ẹ máa bọ̀." Àwa mẹ́ta dìde. A rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá tó wọ búlúù." Méjì ló wọ búlúù: Télọ̀, tí kò ránṣọ mọ́ báyìí, àti Ìyá Oníbàtà, ọ̀rẹ́ mi láti ogójì ọdún, tí ọmọ rẹ̀ ń ran bàtà. Etí Ìyá Oníbàtà ti ń di, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Òun ló kọ́kọ́ wọlé, Télọ̀ wọlé tẹ̀ lé e. Ó gbé oògùn jáde nínú ọ̀rá, ó ń juwọ́ sí wa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ìyá Oníbàtà dákú láàárọ̀ yìí. Mò ń lọ síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó yè é. Nígbà tí a dé ibẹ̀ lánàá, òógùn ti bò ó bí ẹni tí òjò pa. Ọmọ rẹ̀ ti fún un ní omi ṣúgà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú. Mo ní kí Ìyàwó ka ara páálí oògùn rẹ̀. Orúkọ Télọ̀ ló wà níbẹ̀. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Ìyá Oníbàtà ò ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni tiẹ̀.

Mo rán Ìyàwó sí Télọ̀, eré ló sá lọ. Télọ̀ ti gbé ti Ìyá Oníbàtà mì. Ó ní òun rí i pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, òun rò pé wọ́n ti tún un ṣe ni! Kò ṣe é ní nǹkan kan, ọpẹ́ ni.

Aláwò dé, ó jókòó ti Ìyá Oníbàtà títí di ọ̀sán. Kò bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ fún àwọn tó ń bọ̀. Ó kàn yọ awò rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ẹlẹ́rìn-ín wá sílé. Ó kúnlẹ̀, kò dìde. "Màmá, báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu mi pe orúkọ yín? Ẹ tó bí ìyá mi lọ́mọ!"

Mo bú u. Mo ní ṣé ìgbà tí a bá wà nínú pósí náà lá máa kí wa ní Màmá. Lẹ́yìn náà mo fún un lómi mu.

Àléébù tí mò ń wá nínú garawa, ẹnu Ẹlẹ́rìn-ín ló wà. Kì í sì í ṣe ìwà burúkú. Àwa la kọ́ ọ. Èmi náà ti gbá ọmọ létí rí torí pé ó pe àgbà lórúkọ.

Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n lè lé e. Bí mi ò bá sọ ọ́, Màmá mìíràn á gbé oògùn ẹlòmíràn mì, ó sì lè má sí ẹni tó máa po ṣúgà.

Ìyá Oníbàtà ní kí n má sọ. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọ yẹn rọ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dùn mí." Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà ọ̀run dé!

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Pa ìwé dé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n dé — obìnrin kan pẹ̀lú fáìlì, ọkùnrin kan tó ń kọ̀wé láì gbójú sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ojú Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ti sọ ọ́. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn. Mo wá ní, "Bí ẹ bá lé e, èyí tí ẹ máa mú wá náà, ilé ni wọ́n ti tọ́ ọ. Màmá lòun náà á máa pè mí. 'Màmá' yẹn ni kí ẹ lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀."

Ọkùnrin yẹn gbójú sókè.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Aláwò wá. Ó ní Ẹlẹ́rìn-ín á dúró lẹ́nu iṣẹ́. Aláwò fúnra rẹ̀ á máa ṣọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta, títí àwọn wọ̀nyẹn á fi padà wá. Láti ìsinsìnyí, wọ́n á pe orúkọ wa ní kíkún, àwa náà á sọ ojúlé wa, kí oògùn tó kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀ pátápátá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Ó wá pe orúkọ mi, èyí tí ìyá mi sọ mí, ó fi ti ọkọ mi tì í.

Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá Lágbájá, Ìyá Àgbà, Màmá — mo ń jẹ́ gbogbo wọn. Mi ò dìde. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́. Mo fẹ́ kó tún un pè ni.

Ó tún un pè. Mo dìde, mo sọ ojúlé mi.

Ìyàwó, kọ orúkọ náà sí èèpo ìwé yìí. Má wò mí bẹ́ẹ̀ — ọdún mẹ́rìndínlógún lo ti wà nílé mi tí o ò pè é rí, bírò ò ní bù ọ́ jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ sọ́dọ̀ Ìyá Oníbàtà, etí ọ̀tún ni kí o pariwo sí: tí wọ́n bá pe Màmá, kó jókòó. Kí o yà lọ́dọ̀ Télọ̀, kí o sọ fún un pé bí àwọ̀ oògùn bá yí padà, kó béèrè, kó má dúpẹ́. Tí ọkọ rẹ bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó jẹun, kó pe orúkọ ìyá rẹ̀ fún ọ ní kíkún, bí dókítà á ṣe bi í lọ́jọ́ tí ẹnu mi ò bá lè sọ ọ́ mọ́. Tó bá ní "Màmá", kó tún un pè.