Ọkọ̀ Rẹ Ti Gbé Ìyá Lọ sí Kaboua

Kọ́ládé,

Má pariwo, ẹnikẹ́ni ò jí ọkọ̀ rẹ gbé. Ìyá ló wà nínú ẹ̀.

Bí o ṣe lọ sóko tán láàárọ̀ yìí ni wọ́n tẹ̀pá jáde sí àgbàlá. Kùrukùru ṣì bo àwọn òkè. Wọ́n dúró ti ọkọ̀ asáré tí wọ́n ti ń bú látọjọ́ tí o ti rà á ní Kútọnù, pé àlòkù tó lóṣòó bí ọ̀pọ̀lọ́, tí kò lè ru iṣu. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n rọra jókòó, wọ́n sì fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúnkún tí kò jẹ́ kí wọ́n gun alùpùpù mọ́ ò dùn wọ́n rárá.

“Laure, kò mà ga! Ṣíná fún un ká gbọ́ ohùn ẹ̀.”

Bí ó ṣe ń kùn, wọ́n dijú. Wọ́n ní odò Okpara làwọn ń gbọ́, níbi tí àwọn àti Àǹtí Tàwàkálítù ẹ̀gbọ́n wọn ti ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà ọmọdé.

“Gbé mi lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Kaboua.”

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án. Fún un lómi mu, kí o sọ fún un pé a ò tà á mọ́. Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò. Wá gásóìlì, epo dísù, sílẹ̀ dè wá. Má ra ẹsáǹsì tí wọ́n ń rà sí alùpùpù o, á ba ọkọ̀ jẹ́.

Ìyá ò jẹ́ kí n pa ọkọ̀ kí n tó kọ èyí. Wọ́n ní tó bá dákẹ́, àwọn lè jí lójú àlá.

Laure